Etí Ni Kó Kọ́kọ́ Yẹ Orúkọ Ìkànnì Wò

Lọ́dún 1994, nígbà tí Jeff Bezos fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítòsí ìlú Seattle, l'Amẹ́ríkà, Cadabra lorúkọ tó kọ́kọ́ sọ iléeṣẹ́ rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn onídán òyìnbó máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ pidán ló ti yọ ọ́. Ó dáa lójú ìwé. Àmọ́ nígbà tó dárúkọ ọ̀hún fún agbẹjọ́rò rẹ̀ lórí fóònù, “cadaver” ni ìyẹn gbọ́, òkú èèyàn. Bezos wá òmíràn lọ. Ó gba relentless.com, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní orúkọ náà le koko jù létí. Nígbẹ̀yìn, orúkọ odò ńlá tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló mú, amazon.com sì wọ ìwé ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ẹni tó bá tẹ relentless.com sórí fóònù rẹ̀, Amazon náà ni yóò bá ara rẹ̀.

Agbẹjọ́rò yẹn ṣe é lóore ńlá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ìkànnì sílẹ̀ nílẹ̀ wa ni kì í rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ni wọ́n fi ń yan orúkọ. Wọ́n á jókòó ti ẹni tó ń bá wọn ya àmì iléeṣẹ́, wọ́n á wo bí lẹ́tà ṣe tò, wọ́n á ní ó rẹwà, owó á sì jáde. Bẹ́ẹ̀, ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́, ẹnu ni orúkọ ń gbà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni yóò pè é láàárín ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti ìkéde ìsìnkú. Alága ìjókòó ni yóò fi sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ìyá ọlọ́jà kan ni yóò sọ ọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ kò ní bírò lọ́wọ́, ó tiẹ̀ lè wà lórí ọ̀kadà. Bó bá dalẹ́ tó mú fóònù rẹ̀, ohun tí etí rẹ̀ gbà sílẹ̀ ni ìka rẹ̀ yóò tẹ̀. Orúkọ tí kò bá lè ti ẹnu dé etí, kó ti etí dé ìka, láìṣáko lọ, kò sí bó ṣe rẹwà tó lára pátákó, owó tí wọ́n fi rà á ti wọgbó.

Ètò tó ń gbé àwọn orúkọ wọ̀nyí ró, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní dómèènì, kì í ṣàánú ẹni tó bá ṣì í tẹ̀. Paul Mockapetris ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1983, nítorí nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn, kò sì sí ẹni tó lè máa há nọ́ńbà gbogbo kọ̀ǹpútà ayé sórí. Lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà, àti dáàṣì nìkan ló fàyè gbà níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ńlá àti kékeré, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Àárín àmì dọ́ọ̀tì kan sí èkejì kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 63 lọ. Orúkọ .com tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni symbolics.com, ní oṣù kẹta ọdún 1985. Lónìí, àwọn tó ń jẹ́ .com nìkan ti lé ní mílíọ̀nù 150, ìdí rèé tí ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dùn fi máa ń bá a lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lo èdè Yorùbá, wàhálà náà tún lé ìkan sí i. Ẹ wo oníṣòwò kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, tó fẹ́ kí àwọn tó wà l'Ékòó àti ní London máa rajà lọ́wọ́ òun. Kí ni kó kọ? Ẹnìkan á tẹ asooke, nítorí o méjì ló gbọ́. Ẹlòmíì á tẹ asoke, bí ẹnu ṣe ń sáré pè é nìyẹn. Àwọn tó ń kọ Ṣọlá ní Shola á ki h bọ̀ ọ́: ashooke, ashoke. Ẹni tó fẹ́ràn ètò á fi dáàṣì pín in sí méjì. Ọ̀nà márùn-ún rèé, lójú ẹni tó sì tẹ ìkọ̀ọ̀kan, òun ló tọ̀nà. Aládìrẹ tó wà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kò mọ ìyà yìí rárá. Adire ni adire. Yorùbá, Haúsá, òyìnbó, bákan náà ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́.

Èyí kò ní kí aláṣọ òkè sá fún iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn pọ̀ nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Sányán, ọ̀kan nínú àwọn aṣọ òkè àtayébáyé, kò ní dọ́ọ̀tì lábẹ́ lẹ́tà kankan, fáwẹ́lì méjì kò sì kọlu ara wọn nínú rẹ̀: sanyan ni gbogbo èèyàn máa kọ. Àlàárì tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. A méjì tó wà láàárín rẹ̀ á kó bá a, torí àwọn kan á tẹ alari, àwọn kan á tẹ alaari. Ẹtù ńkọ́? Ìyẹn rọrùn láti tẹ̀, àmọ́ bí dọ́ọ̀tì àti àmì ohùn bá ti kúrò lórí rẹ̀, ta ló máa mọ̀ bóyá aṣọ ni, tàbí ẹran ìgbẹ́, tàbí ohun tí ọdẹ ń kì sínú ìbọn?

Ohun tí àìsí àmì ohùn máa ń fà kì í ṣe kékeré. Bí ìkànnì kan bá ń jẹ́ owo, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ìlú Ọ̀wọ̀ tàbí ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Ìyẹn tiẹ̀ sàn. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ta èso oko rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fẹ́ fi oko bẹ̀rẹ̀ orúkọ, kó rọra. Kó tó sanwó, kó kọ ọ́ sára pátákó níwájú àwọn ọmọ iléèwé gírámà láìfi àmì kankan sí i, kó wá wo ohun tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó la ìdánwò yìí já wà, àpẹẹrẹ kan sì ti dé Amẹ́ríkà. Abbey Wemimo, ọmọ Èkó, àti Samir Goel dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ kí owó ilé tí ayálégbé ń san déédéé hàn nínú ìwé tí àwọn báǹkì fi ń mọ ẹni tó ṣeé yá lówó. Esusu ni wọ́n pè é. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn olùdókòwò ka iléeṣẹ́ náà sí ohun tó tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Èsúsú kò ní ṣ, kò ní ẹ, kò ní ọ. Ará Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ nípa èsúsú rí lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Esusurent.com ni wọ́n ń lò. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí owó ilé gbè é lẹ́yìn, oníbàárà sì ti mọ iṣẹ́ wọn kó tó wọlé.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé kò ṣeé ṣe láti kọ ẹ, ọ, ṣ bó ṣe yẹ sínú orúkọ ìkànnì ni. Ó ṣeé ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe ètò tó ń gba lẹ́tà Lárúbáwá, ti Ṣáínà àti lẹ́tà onídọ́ọ̀tì abẹ́ bíi tiwa wọlé. Àmọ́ abẹ́ aṣọ ni ó ń ṣe é: kọ̀ǹpútà á yí orúkọ náà padà sí àkójọ lẹ́tà kan tí kò nítumọ̀, tí xn-- máa ń ṣíwájú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dà á kọ láti ibì kan sí ibòmíràn, xn-- yẹn ló lè bá pàdé dípò orúkọ tó mọ̀. Èyí tó burú jù ni pé àwọn gbájúẹ̀ ti ba dọ́ọ̀tì abẹ́ lẹ́tà lórúkọ jẹ́. Lọ́dún 2018, àwọn kan dá ìkànnì kan sílẹ̀ tó jọ ti Binance, níbi tí wọ́n ti ń ra owó kírípítò, wọ́n kàn fi dọ́ọ̀tì bíńtín sábẹ́ n méjèèjì: biṇaṇce. Lórí fóònù, bí eruku ló rí. Àwọn tí kò fura tẹ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ wọn síbẹ̀. Láti ìgbà irú nǹkan bẹ́ẹ̀, gbogbo orúkọ tó bá ní dọ́ọ̀tì abẹ́ ni àwọn tó mọ̀ nípa ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wò tìfuratìfura.

Nítorí náà, kí ìfẹ́ èdè má ṣe ti ẹnikẹ́ni sínú kòtò. Inú ìkànnì ni kí a ti fi àmì sí Yorùbá wa bó ṣe yẹ, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ mọ èyí dájú. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á rí orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, á sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Àmọ́ yorubaname.com lásán ni wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún gba ọ̀nà míì yọ fún àwọn tó ń bá ọmọ Yorùbá òkè òkun ṣòwò. Ọ̀ṣun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bọ l'Óṣogbo, Osun ni wọ́n ń kọ ọ́ sílé, Oshun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ l'Amẹ́ríkà, Oxum ni ní Brazil, Ochún sì ni ní Cuba. Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti idẹ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní Bahia àti Havana, tó wá fi orúkọ òrìṣà náà ṣe ìkànnì, ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló yẹ kó ṣí kí oníbàárà rẹ̀ má bàa ṣìnà. Ó sàn kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá.

Bí orúkọ ṣe gùn tó náà ṣe pàtàkì, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn èèyàn ṣe ń rò ó. Wọ́n á ní kúkúrú ló dáa. Ẹ wo àwọn yunifásítì wa. Ti Ìbàdàn ń jẹ́ ui.edu.ng, lẹ́tà méjì péré, kò sì sí ẹni tó ń ṣì í. Ti Ifẹ̀ ń jẹ́ oauife.edu.ng, “ife” tó wà nídìí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ ibi tó ń lọ, nítorí OAU pọ̀ nínú ayé. Ti Àgọ́-Ìwòyè ni ká nawọ́ sókè fún: oouagoiwoye.edu.ng. Lẹ́tà mọ́kànlá ló wà níwájú .edu.ng, mẹ́jọ nínú wọn ni fáwẹ́lì. Kí bàbá kan tó ń tẹ̀ ẹ́ láti wo èsì ọmọ rẹ̀ má bínú bí o kan bá sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èyí tó kúkúrú jù lè ṣe ni ní jàǹbá ju èyí tó gùn lọ. Overstock, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ta ohun èlò ilé, ra O.co ní $350,000, wọ́n sì polówó rẹ̀ káàkiri lọ́dún 2011. Kódà wọ́n sọ pápá ìṣeré ńlá kan ní Oakland ní O.co Coliseum. Àwọn èèyàn gbọ́ ìpolówó náà, wọ́n rí i, wọ́n sì tẹ o.com. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohunkóhun ní o.com, torí láti ọdún 1993 ni wọ́n ti há gbogbo orúkọ .com tó jẹ́ lẹ́tà ẹyọ kan mọ́lé, àyàfi q, x àti z tí àwọn kan ti gbà ṣáájú. Kí ọdún 2011 tó parí, iléeṣẹ́ náà ti padà sídìí overstock.com tó gùn, tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ìka wọn ti mọ .com tipẹ́, ìpolówó owó gọbọi kò sì lè yí i lọ́kàn padà.

Orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ tún lè há ẹni tó ni ín mọ́ inú iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2016, àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tó jáde ní Covenant University, Ọ̀tà, dá ìkànnì kan sílẹ̀ tí èèyàn lè máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ sí. Piggybank.ng ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn kóló. Orúkọ náà yé tọmọdé tàgbà, ó sì ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ máa bá àwọn èèyàn fi owó wọn dókòwò, kóló kò gba gbogbo rẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2019, wọ́n yí i sí PiggyVest. Iléeṣẹ́ Tesla náà jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Teslamotors.com ni wọ́n ń lò títí di ọdún 2016, bí ẹni pé ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa tà títí ayé. Elon Musk sọ pé ó gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ àti mílíọ̀nù 11 dọ́là kí tesla.com tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Facebook tètè ríran: lọ́dún 2005, wọ́n san $200,000 láti yọ “the” kúrò níwájú orúkọ wọn. Ẹni tó ń ta bàtà lónìí, kó rántí pé ó lè máa ta báàgì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó wá ku ìdí orúkọ, ibi tí dọ́ọ̀tì ìkẹyìn wà. .ng ni ti Nàìjíríà. NiRA ló ń bójú tó o. Èèyàn lè gba .com.ng, èèyàn sì lè gba .ng tààrà. Èyí tó bá parí sí .gov.ng tàbí .edu.ng kì í ṣe ti ẹni tó bá kàn rí owó san. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni jamb.gov.ng ṣe ní iyì ju gbogbo ayédèrú tó ń bá JAMB jọra lọ. Ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti ẹ̀yìn wá síwájú ni kọ̀ǹpútà ń ka orúkọ. Bí ẹnìkan bá fi jamb.gov.ng ṣáájú, tó wá fi orúkọ mìíràn tó parí sí .com tì í lẹ́yìn láìsí àmì ìlà dídagun (/) láàárín, ẹni tó ni èyí tó wà lẹ́yìn ló ni gbogbo rẹ̀, JAMB kò sí níbẹ̀.

Fún oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ wà nílé, .ng dára, ó sì lè rí orúkọ tó mọ́ gbà níbẹ̀ nígbà tí èyí tó jẹ́ .com rẹ̀ ti bọ́ lọ. Ewu ibẹ̀ ni pé etí àwọn èèyàn ti mọ .com jù. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá pe .ng lórí rédíò, ìdajì àwọn tó gbọ́ ọ lè fi “com” sí i fúnra wọn. Bí ẹlòmíì bá wà nínú .com.ng, á kan máa dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún fún ìpolówó ọ̀fẹ́. Bí agbára bá ká a, kí oníṣòwò gba .ng àti .com.ng, kó sì darí ọ̀kan sínú èkejì. Owó orúkọ .com pàápàá lọ́dún kan kì í sábà ju bíi dọ́là mẹ́wàá sí márùndínlógún lọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á. Ìnáwó ọjọ́ ìṣílé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìdí orúkọ ilẹ̀ òkèèrè ni kò dá ẹni tó mọ̀ lójú. Wọ́n máa ń wuni. .io ń wu àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà, .ai ń wu àwọn tó ń ta ọgbọ́n àtọwọ́dá, .ly sì wu àwọn tó fẹ́ orúkọ kúkúrú nígbà kan. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tàbí erékùṣù kan ló ni ìkọ̀ọ̀kan wọn, òfin ibẹ̀ ló sì ń darí wọn. Ti Lìbíà ni .ly. Ní ọdún 2010, wọ́n gba vb.ly lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n ní ohun tó wà níbẹ̀ kò bá òfin àwọn mu. Ti Gabon ni .ga. Iléeṣẹ́ òkèèrè kan ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà náà sì gbà lára rẹ̀ nítorí pé wọn kò ní káàdì tí wọ́n lè fi sanwó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Gabon gba ohun ìní rẹ̀ padà, nǹkan bíi mílíọ̀nù méje orúkọ ni wọ́n sì ní àwọn máa pa rẹ́. Ti Mali ni .ml, ó sì fi lẹ́tà ẹyọ kan yàtọ̀ sí .mil tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò. Lọ́dún 2023 náà ni ìròyìn jáde pé àìmọye ímeèlì àwọn ológun ti ṣìnà lọ sí Mali fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ìka tó fo i kan.

Ta ló ni orúkọ náà gan-an? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa kì í bi ara wọn títí omi á fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù rẹ̀ lọ́dún 2006 lórí Blogspot, ilé tí Google kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, nígbà tí àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo iṣẹ́ oníṣẹ́, Google tì í pa. Àwọn tó ń kà á lójoojúmọ́ kò rí nǹkan kan. Kò pẹ́ tí wọ́n dá a padà, àmọ́ ìyáàfin náà ti rí ohun tó yẹ kó rí. Lindaikejisblog.com ló kó lọ, ilé tí òun fúnra rẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn rò pé àwọn ni àwọn ni ín, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá wọn ṣe ìkànnì ló fi ímeèlì àti orúkọ tirẹ̀ gba dómèènì. Wọ́n ń sanwó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, títí bùrọ̀dá fi japa lọ sí Kánádà tó sì yí nọ́ńbà fóònù padà. Lójú àwọn tó ta orúkọ náà, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ni ín, rìsíìtì báǹkì kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹni tó bá ń gba orúkọ, kó fi ímeèlì tó jẹ́ ti òun gbà á, kó sì tètè ṣí i. Bí wọ́n bá fi ìlà ìjẹ́rìísí ránṣẹ́ tí kò tẹ̀ ẹ́ láàárín ọjọ́ 15, òfin ICANN, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ ìkànnì lágbàáyé, ní kí wọ́n dá orúkọ náà dúró.

Ọjọ́ tí owó ọdún ń pé náà ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó tóbi jù kó má gbàgbé. Ní ìparí ọdún 1999, Microsoft gbàgbé láti san owó passport.com, àwọn tó ń lo Hotmail kò rí ibi wọlé. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Michael Chaney, ló fi káàdì ara rẹ̀ san dọ́là 35 fún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Sanmay Ved bá google.com lórí àtẹ ní dọ́là 12, lọ́wọ́ Google fúnra wọn, ó sì rà á. Bí ìṣẹ́jú kan ló fi ní in kí wọ́n tó fagi lé e. Ẹ̀bùn $6,006.13 ni wọ́n fún un, nọ́ńbà tó jọ Google bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó ní òun fẹ́ fi ṣe àánú, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tálákà kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Bí .com bá ti kọjá ọjọ́, àwọn tó tà á lè fún ẹni tó ni ín láyè díẹ̀, tí kì í ju ọjọ́ 45 lọ. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 30 tí ó lè rà á padà pẹ̀lú owó ìtanràn tó ń dunni. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn èyí, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ gán an, àwọn tó sì ń dúró de irú rẹ̀ kì í sùn. Ó sàn kí èèyàn san ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan; mẹ́wàá ni wọ́n fàyè gbà pọ̀jù.

Ẹni tó ń yan orúkọ tún ní láti mọ̀ bóyá ẹlòmíì ti ń jẹ́ ẹ. Èèyàn lè wo ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìná kọ́bọ̀. Láti ọdún 1999 ni ICANN ti ṣe ìlànà tí ẹni tó ni orúkọ fi lè gba ìkànnì lọ́wọ́ ẹni tó fi èrò burúkú gbà á, láìdé kóòtù. Madonna fi gba madonna.com lọ́dún 2000. Sting tó jẹ́ olórin bíi tirẹ̀ gbìyànjú lọ́dún kan náà, wọ́n ní kò rí i gbà, torí sting jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò. Àwọn ọmọ wa tó ń forúkọ gbajúmọ̀ olórin sílẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń retí mílíọ̀nù lọ́la, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fowó ara wọn rà.

Orúkọ ẹni fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Uzi Nissan, ọmọ Ísírẹ́lì tó ń ta kọ̀ǹpútà ní North Carolina, forúkọ nissan.com sílẹ̀ lọ́dún 1994 fún ìṣòwò rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá kò tíì ka íntánẹ́ẹ̀tì sí nǹkan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Nissan gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n ní kó san mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Ẹjọ́ náà lọ, ó bọ̀, fún bí ọdún mẹ́jọ, owó púpọ̀ sì bá a lọ. Ọkùnrin náà kò yé sọ pé orúkọ tí bàbá òun ń jẹ́ lòún ń jẹ́. Orúkọ náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 2020. Iléeṣẹ́ tó ń kó ọkọ̀ káàkiri ayé ní láti máa fi nissan-global.com pe ara rẹ̀, dáàṣì wà láàárín rẹ̀.